Èéfín Ẹja Lábẹ́ Àpótí Tó Ń Gbóòórùn Afẹ́fẹ́

Ọlámijùwọ́n ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé iṣẹ́ fíríìjì tí ò ń tún ṣe ní Èkó ń lọ déédéé? Omi kò ní gbé ọ, iná kò ní jó ọ, ẹni tó bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ kò ní jẹ owó rẹ mọ́lẹ̀. Gbogbo wa ní Zion Pepe ń kí ọ. Bàbá rẹ ti tún ọkọ̀ ṣe, ó ti ń lọ sójú òkun padà, ẹja sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé. Àwọn kan wá láti Àkúrẹ́, wọ́n gbé àpótí kọ́ sórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ yìnyín, nítòsí ibi tí mo ti ń yan ẹja. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Òkìkí, ní àpótí náà ń gbóòórùn afẹ́fẹ́, ó ń wá gáàsì tó ń jò lára ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù, irú èyí tí àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe máa ń tú dànù, tó ń gòkè lọ ba ìbòrí ojú ọ̀run tó ń gbà wá lọ́wọ́ oró oòrùn jẹ́. Àyà mi já. Ṣebí ojú mi ló ṣe nígbà tí o wá ṣọdún, tí o tú gáàsì fíríìjì Fadékẹ́mi aládùúgbò wa dànù, tó ń dún ṣìì, tí gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́ fún ọ.

Ìwọ náà mọ̀ pé níbí, bí èéfín bá ti kan imú wa, a ti mọ ẹni tó ń yan ẹja, a mọ ẹni tó fi igi dáná, a mọ ẹni tó fi èèpo àgbọn dáná. Mo ní àpótí yìí á mọ gáàsì ọmọ mi láàárín gáàsì gbogbo ayé, á sì pe orúkọ rẹ fún ìjọba. Ni mo bá gbé àtẹ ẹja mi sábẹ́ rẹ̀, mo ń fi èéfín fín in láàárọ̀ lálẹ́ kí imú rẹ̀ lè dí. Mo sì ń kí i dáadáa, kó má baà bínú.

Nígbà tí Òkìkí padà dé, ó bá àpótí tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní kò lè mọ bí ilé iṣẹ́ yìnyín ṣe ń jò tó mọ́, èéfín ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó bi mí léèrè, mo jẹ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, àpótí yìí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ìbòrí yẹn bá bàjẹ́ tán, oòrùn náà kò ní béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bàbá rẹ ló wà lójú omi lábẹ́ oòrùn yẹn látàárọ̀ dalẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni mo kó àtẹ mi kúrò, mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo obìnrin tó ń yan ẹja pé ẹni tó bá dáná sábẹ́ àpótí, èmi àti onítọ̀hún ni.

Òkìkí ní ìgò irin kan wà tí wọ́n ń fa gáàsì fíríìjì sí kó má baà jáde. Rà á. Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ kí n fi kọ́ búkà tuntun tí n ó ti máa yan ẹja, nítorí páànù orí ti àtijọ́ ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá ká méjèèjì, ra ìgò ná. Kí òjò máa pa èmi àti ẹja mi, a ó fara dà á.

Ọlọ́run tó fi ìbòrí bo gbogbo wa kò ní ṣí tìẹ. Mo ti gbé èéfín tèmi kúrò. Ó ku gáàsì tìẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adétutù