Ẹ Má Tíì Wẹ Egbò Yẹn

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ilé pátá. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọlọ́run tó ń gbé yín ró kò ní fi yín sílẹ̀. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ìríra kún ọ̀fun mi, ẹ̀yin nìkan sì ni mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á.

Ẹ máa ń béèrè pé báwo gan-an ni iṣẹ́ míṣọ́nnárì ṣe rí. Bó ṣe rí nìyí: bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọkọ mi á máa darí ìsìn àárọ̀, èmi á gbé omi kaná, màá da iyọ̀ sí i, màá bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ egbò. Òun ń wàásù, èmi ń nu ọyún. Òórùn rẹ̀ ti wọ inú ìrọ̀rí mi. Ìyẹn kọ́ ló ń rí mi lára o, ọyún ò ṣẹ̀ mí. Èèyàn ló ń rí mi lára.

Lára àwọn tí mò ń tọ́jú ni Ìyá Télọ̀, opó kan tó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ nítòsí ọjà. Egbò kan là lókè kókósẹ̀ rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn, oúnjẹ lọ nìyẹn. Mo ti ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ó sì ti fẹ́ máa san, kí iṣẹ́ tí Baba Fótò rán tó dé.

Baba Fótò ni Alábòójútó wa. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní àwọn àlejò ń bọ̀ láti orílé iṣẹ́, wọn á ya fọ́tò àwọn aláìsàn, wọn á sì lọ fi han àwọn tó ń fowó tì wá lẹ́yìn. Ó wá ní, “Ẹ má tíì wẹ egbò yẹn. Bí aṣọ funfun bá bò ó, àánú ò ní ṣe ẹnikẹ́ni.” Mo pòṣé títí ẹnu fi gbẹ mí. Mo rò pé ọkọ mi á ní kò ṣeé ṣe. Kí ló sọ? “Ìyàwó mi, ọjọ́ díẹ̀ ò ní pa á.” Ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn lọ́wọ́ mi, ó jù ú sápò. Ọkùnrin tí ẹ fọwọ́ ara yín fà mí lé lọ́wọ́!

Ìyá Télọ̀ gan-an ò ráhùn. Wọ́n ti sọ fún un pé àwòrán náà ló máa bí ilé ìwòsàn tuntun. Ó ń jókòó ní ìloro wa, ó ń fi etí aṣọ lé eṣinṣin, ó ń rẹ́rìn-ín pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ mi fẹ́ di gbajúmọ̀.” Ìgbà tó yá, mo rí ìdin. Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Ìdin lára èèyàn tó wà láàyè, ní ìloro ilé tí a ti ń kọrin ìyìn! Mi ò bá ẹnikẹ́ni du kọ́kọ́rọ́. Mo gbé omi iyọ̀ kaná, mo fa bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ìgbéyàwó wa ya, mo wẹ ẹsẹ̀ náà, mo dì í.

Àwọn àlejò dé. Baba Fótò rí aṣọ funfun, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí ọkọ mi tú u. Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó sì tú u lóòótọ́. Obìnrin tó gbé kámẹ́rà dání bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó ní, “Ṣé kò sí èyí tó burú ju báyìí lọ?” Baba Fótò dáhùn pé kí wọ́n má ṣèyọnu, a ó fi í sílẹ̀ láìdì títí wọn yóò fi padà wá. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ìyá Télọ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ àga, ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ṣé ẹ fẹ́ kó jẹrà fún yín ni?”

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni ọkọ mi wà tó fi mú aṣọ náà, tó tún ẹsẹ̀ dì wúruwùru bí ẹni ń di igi ìdáná. Ó ní, “Ọ̀gá, mi ò tú u mọ́.” Wọ́n ní aláìgbọràn ni wá, kí a kó kúrò nílé míṣọ́n.

Ẹ má tíì máa yìn ín o. Mò ń gbé oúnjẹ fún un, mi ò kì í wo ojú rẹ̀. Ẹ má sì palẹ̀ yàrá mọ́ dè wá, a ò bọ̀ wálé. Ìyá Télọ̀ ti yọ̀ǹda yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún wa, àwọn alégbò sì ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà dé ibẹ̀, èmi àti olúwarẹ̀ la jọ máa wọ ṣòkòtò kan náà.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ mi ní kí n gbé abọ́ omi fún òun. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti dé ìlú yìí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ egbò. Ó wẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, ó sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó bì. Ó nu ẹnu, ó padà wá jókòó, ó ń wẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ fún un lọ́sàn-án, mo wo ojú rẹ̀.

Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ fi ara yín tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ayé yín á dára, ilé yín ò ní dàrú.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí ẹ fẹ̀yìn pọ̀n.

Àfikún: Ẹ bá mi kó àwọn aṣọ funfun yín tó ti gbó ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi káńfọ̀ sí i. Egbò la fẹ́ fi dì.