Yàrá Abẹ́ Ilẹ̀ Èmi àti Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù keje
Mo ti gba kọ́kọ́rọ́. Yàrá kan, abẹ́ ilẹ̀, Seoul yìí náà. Tí mo bá na ọwọ́ méjèèjì, díẹ̀ ló kù kí n kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Fèrèsé kan ṣoṣo, òkè lọ́hùn-ún — bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan lèèyàn ń rí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Pil-lye la máa jọ gbé e. Abẹ́rẹ́ ni mo ń pè é láti kékeré: ó tín-ín-rín, ó sì ń gúnni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ránṣọ nílé iṣẹ́ tí kò ní fèrèsé, eruku aṣọ ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán. Ilé iṣẹ́ ọ̀hún ti kógbá sílé, wọ́n ní kó jáde ní yàrá wọn kó tó di ọjọ́ kẹwàá. Bí wọ́n ṣe dúpẹ́ nìyẹn. Ẹni ibi!

Myeong-gu ọmọ rẹ̀ ní kí ìyá òun wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun ná. Lọ́dọ̀ ìyàwó yẹn? Tó ń da omi gbígbóná sí àwo tí Abẹ́rẹ́ bá fi jẹun? Mo ní rárá. Níṣojú èmi kọ́.

Ọjọ́rú, 6
Mo ya bébà ògiri àtijọ́ kúrò. Iṣẹ́ mi kúkú ni. Ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń lẹ bébà mọ́ ògiri olówó, ẹnì kankan ò kọ́ mi, ojú ni mo fi kọ́ ọ. Bébà mẹ́fà ló wà lórí ara wọn, ti ayálégbé mẹ́fà. Lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ògiri ẹ̀yìn dúdú, ó ń hu nǹkan bí irun ológbò. Mo fi bílíìṣì fọ̀ ọ́ títí apá fi ro mí. Ó funfun. Ṣùgbọ́n ó tutù bí imú ajá.

Onílé sọ̀ kalẹ̀ wá. Kò lọ́rùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ló ní — Ọ̀pọ̀lọ́ ni mo sọ ọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Ó ní, "Ìyáàfin, ìgbà òjò la wà yìí o. Ẹ jẹ́ ká tan iná tó ń mú ilẹ̀ yàrá gbóná fún ọ̀sẹ̀ méjì kó gbẹ. Ogúnjọ́ oṣù náà dáa fún ìkólé." Mo ní ṣé òun ló fẹ́ kọ́ ọ̀bọ ní igi gígun ni? Ó ní, "Èmi ò bá yín jà." Ó gòkè lọ, ó ń mí fìn-ìn-fìn-ìn.

Ọjọ́bọ̀, 7
Òjò. Òjò. Ògiri ò gbẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Ọ̀la ni ọjọ́ kẹsàn-án òṣùpá. Ọjọ́ tí ẹ̀mí burúkú kì í sí nílẹ̀, tèèyàn lè kó wọlé tuntun láìsí wàhálà. Lóòótọ́, ogúnjọ́ náà dáa. Ṣùgbọ́n kó tó di ogúnjọ́, Abẹ́rẹ́ á ti fi ọjọ́ mẹ́wàá jẹun nínú àwo gbígbóná.

Mo lẹ̀ ẹ́ lónìí. Bébà ìròyìn ló kọ́kọ́ lọ sí ògiri, kí bébà tó dáa tó lé e: funfun, ewé kékeré aláwọ̀ ojú ọ̀run. Mo fọwọ́ kan ògiri, ọwọ́ mi rin. Tí ẹlòmíì bá ṣe irú ẹ̀ níbi iṣẹ́, màá bú u débi tó máa gbàgbé orúkọ bàbá ẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́. Kò wú, kò ká. Mi ò tíì ṣe ògiri tó rẹwà báyìí rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
A ti kó dé. Ìkòkò ìrẹsì ló kọ́kọ́ wọlé, bó ṣe yẹ. Abẹ́rẹ́ ní òun lòun máa gbé e. Àtẹ̀gùn mẹ́fà péré, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró mí. Ó ní, "Mo ń sọ̀ kalẹ̀ mà ni, òkè wo ló wá ń já mi lẹ́mìí?" Myeong-gu gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó tún gbé bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọgbọ̀n wá, kí ayé wa lè máa tú geere bí wọ́n ṣe ń tú. Kò síbi tá a máa kó o sí. A jókòó lé e lórí, a jẹun.

Abẹ́rẹ́ ní, "Sun-deok, ìwọ lo ṣe ògiri yìí? O ti sọ mí di ìyàwó ọ̀ṣìngín."

Ọjọ́ Ajé, 11
Mo rí kọ́bọ́ọ̀dù níta, wọ́n ti jù ú nù. Àwọn aláṣejù! Dígí wà lára ẹ̀, ilẹ̀kùn kan ló wọ́. Èmi àti aládùúgbò kan la gbé e. Ògiri ẹ̀yìn nìkan ló gbà á, la bá fi tì í. Ibùsùn Abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti rán kọ́tìnì láti inú àjákù aṣọ — kí bàtà ará àdúgbò má máa wò wá jẹun, ó ní.

Ọjọ́bọ̀, 14
Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mi ò rántí ohun tí mo sọ.

Ọjọ́rú, 20
Ikọ́. Ó ní eruku ni. Ó ń nu kọ́bọ́ọ̀dù nígbà mẹ́ta lóòjọ́. Yàrá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù. Mo ní kòtò ìdọ̀tí àdúgbò ni.

Ọjọ́rú, 27
Òjò tí mi ò rí irú ẹ̀ rí. Omi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí àlejò. Bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la fi dí ẹnu ọ̀nà, gbogbo ọgbọ̀n. Wọ́n mu omi yó, wọ́n wú bí ìrẹsì. Abẹ́rẹ́ ní, "Ayé wa ti tú geere lóòótọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ ò lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù kẹjọ
Bébà ṣí díẹ̀ lókè, níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù ò dé. Mo gun àga. Mo rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀.
Mo fi lẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ padà.
Abẹ́rẹ́ ní, "Kí lo rí?" Mo ní alántakùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23
Ọsibítù. Wọ́n ti fi nǹkan bo Abẹ́rẹ́ nímú, ojú nìkan ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Dókítà bi mí bóyá ògiri ilé wa máa ń bu. Ẹnu mi yá: "Onílé ni! Ọ̀dájú! Ó mọ̀ pé ògiri òun ti jẹrà, ó ṣì gbé e fún aláìsàn!" Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Myeong-gu dúró lẹ́yìn mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù kẹsàn-án
Abẹ́rẹ́ ti lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 4
A ti sun ún, a ti gbé eérú ẹ̀ síbi tó máa wà. Ìyàwó Myeong-gu sunkún ju èmi lọ. Ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun sọ pé ìyá ń bọ̀ lòun ti ra ibùsùn tuntun. Omi gbígbóná yẹn ńkọ́? Mi ò bi í. Ó fúnra ẹ̀ sọ pé òun máa ń se àwo gbogbo ilé, pé ìyá òun ló kọ́ òun bẹ́ẹ̀.

Èmi nìkan ni mo ti kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò. Mo fa bébà, ó tẹ̀ lé mi wálẹ̀ bí awọ ẹja. Láti ilẹ̀ dé òkè. Dúdú. Níbi tí orí Abẹ́rẹ́ máa ń wà tó bá sùn.

Myeong-gu pè mí lórí fóònù. "Àǹtí, lọ́jọ́ ọdún ìkórè mo ń bọ̀ wá bá onílé yẹn. Kò ní jẹ ẹ́ gbé." Mo ní, "Máa bọ̀, ọmọ mi." Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 12
Ọjọ́ ọdún. Ó dé. Èmi ni mo tẹ̀ lé e gòkè, mi ò dá a dúró. Ọ̀pọ̀lọ́ ṣílẹ̀kùn, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, àkàrà ìrẹsì ọdún lẹ́nu. Myeong-gu ké, "Ẹ̀yin lẹ pa ìyá mi!" Gbogbo ilé gbọ́. Ìyàwó onílé bú sẹ́kún. Bàbá náà gbé ohun tó ń jẹ mì pẹ̀lú agbára. Ó ní, "Ọmọ mi, mo sọ fún wọn. Mo fọwọ́ kan ògiri, mo ní kí wọ́n ní sùúrù."

Myeong-gu yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ sọ fún un pé irọ́ ló ń pa."

Ẹnu yìí. Ẹnu tó ti bú ọ̀gá, tó bú ọlọ́pàá, tó bú ìyàwó ọmọ tó ra ibùsùn.
Mo ní, "Kò parọ́."
Ó ní kí n tún un sọ.
Mo ní, "Ògiri ò gbẹ. Mo mọ̀ pé kò gbẹ. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́."

Myeong-gu tẹrí ba fún bàbá náà, ó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ wá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ẹ̀. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá yìí, èèyàn méjì kì í kọjá lára ara wọn láìfara kanra. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó gbé ẹ̀rọ náà sókè lé àyà, ó fa ikùn wọlé.

Kò fara kàn mí.