Bí A Ṣe Gé Irin Ìtẹ̀ Fèrè Bàbá

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Thomas Estate,
                                        Ajah, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, 2017.

Bùọ̀dá Akínwálé, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Port Harcourt? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyàwó yín ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara Màámi le. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kí yín kí n tó sọ ohunkóhun. Èmi náà wà. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Yorùbá mi ṣì ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ fi èdè òyìnbó kọ̀wé sí yín mọ́. Níbi tó bá ti ṣubú, ẹ bá mi gbé e dìde.

Ọ̀rọ̀ fèrè Bàbá ni mo fẹ́ sọ. Ìsìn ìrántí ọdún kan ikú wọn wáyé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ ò sì lè wá. Olórí ẹgbẹ́ afunfèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ pé bí ohùn ìsàlẹ̀ tírómbóònù Bàbá ò bá sí nínú orin ìrántí náà, a kàn ń pariwo ni. Torí pé mo fun tírómbóònù kékeré níléèwé lókè òkun, èmi ni gbogbo ojú ń wò.

Nígbà tí mo gbé e jáde, fáàfù méjèèjì tó ń darí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ kò yí. Ṣé ẹ rántí pé lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Ìjọ gbé fèrè náà síwájú pẹpẹ kí wọ́n gbàdúrà sí i? Àṣé wọ́n da òróró àdúrà sínú gbogbo ihò tí wọ́n rí lára rẹ̀. Òróró ólífì. Ó ti dì bí àtè. Kò sẹ́ni tó lè bínú sí Ìyá Ìjọ. Àwọn fúnra wọn ló ń bi mí pé ṣé òróró náà ti ń ṣiṣẹ́.

Èmi àti Màámi bá gbé e lọ sí Ikate, sí ṣọ́ọ̀bù Bùọ̀dá Lateef tó máa ń bá Bàbá tún un ṣe. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn wọn. Bùọ̀dá Lateef tú fáàfù kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

“Màmá, ta ló fi fèrè dín àkàrà?”

“Òróró àdúrà ni, ìwọ Lateef.”

“Ẹ̀yin aláṣọ funfun! Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà yín o, fáàfù nìkan ni ò gbọ́.”

Màámi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Kẹrosíìn ni wọ́n fi fọ̀ ọ́ tí fáàfù fi ń yí. Wàhálà gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹ mọ̀ pé irin ìtẹ̀ méjèèjì tó ń yí fáàfù wà lábẹ́ àtàǹpàkò òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́. Àtàǹpàkò Bàbá gùn, tiyín náà gùn. Tèmi dé orí èkíní, kò dé orí èkejì, láìsí èkejì sì rèé, ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ò ní jáde. Bùọ̀dá Lateef ní àwọn lè gé èkejì kúrò, kí àwọn jó tuntun mọ́ ibi tí ìka àárín á ti máa tẹ̀ ẹ́.

“Ṣùgbọ́n bí mo bá gé e, mo ti gé e nìyẹn. Ìka àárín ẹ̀gbọ́n rẹ ò ká mọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti fún ìka náà níbi iṣẹ́. Kò ní lè fun ún mọ́ o.”

Mo pè yín. Ẹ ò gbé fóònù. Mo tún pè. Níṣojú gbogbo wa ni Bàbá ṣe sọ pé ẹ̀yin lẹ máa jogún fèrè yẹn, àmọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú ẹ ò tíì wálé. Mo fi fóònù sápò. Mi ò mọ ohun tí mò ń rò. Màámi ló sọ̀rọ̀, wọn ò tiẹ̀ gbóhùn sókè.

“Lateef, ẹni tó wà nílé ni kó o ṣe é fún.”

Wọ́n sì gé e.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo jókòó sórí àga Bàbá, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi tẹlẹ̀. Nígbà tí orin náà rì lọ sísàlẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ èkíní, mo fi ìka àárín tẹ èkejì. Ohùn náà jáde. Ilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Àwọn èèyàn ń sunkún. Mò ń dúró de ẹkún tèmi, kò wá. Ohun tí mò ń rò ni pé sípíríǹgì irin ìtẹ̀ tuntun yẹn le jù. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń dì mọ́ mi, wọ́n ní Bàbá gan-an làwọn gbọ́. Mo ní ẹ ṣeun.

Irin tí wọ́n gé wà lọ́wọ́ Màámi. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mi ò mọ bó ṣe máa rí lára yín.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ìyá Ìjọ ń kí yín, Bùọ̀dá Lateef náà ń kí yín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì la máa ń ṣe ìdánrawò, àyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú fèrè kékeré tiyín dání.

Èmi àbúrò yín náà ni,
Fúnminíyì.