Gbogbo Ìbéèrè Orí Tẹlifíṣọ̀n Ni Mo Gbà

Olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú ohùn iyọ̀ o. Ẹ má dárúkọ mi. Kò sí olùdíje kankan lórí tẹlifíṣọ̀n tó gbọ́n tó mi. Ó dáa, mo bù mọ́ ọn díẹ̀.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tó bi olùdíje ní ìbéèrè tán, mo ti dáhùn. Ọmọ mi obìnrin pariwo: "Bàbá, ẹ máa lọ díje ni!" Ó forúkọ mi sílẹ̀, wọ́n sì ti pè mí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ ni, àbí kí n lọ? Ìyàwó mi ló rú mi lójú jù. Ó ń lọ aṣọ tí màá wọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra o." Bẹ́ẹ̀, èmi àti òun la jọ wo ètò yẹn lọ́sàn-án, kí wọ́n tó tún un gbé jáde lálẹ́.