Ilẹ̀kùn Tí A Tì Mọ́ Odò

Adérito, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Maryse ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ-ọmọ mi tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín nínú ara líle, kí òtútù Faransé má ti mú yín jù. Èmi wà láàyè. Bàbá rẹ náà wà láàyè. Mo tètè sọ ìyẹn kí àyà rẹ má baà já, nítorí mo mọ ẹni tí mo bí. Láti kékeré lo ti máa ń ka ìparí ìwé kí o tó ka ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé Leocádia, àbúrò bàbá rẹ, la wà báyìí ní ìgboro, ní àjà kẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo dáhùn pé "a wà dáadáa," tí mo sì yára pa fóònù bí ẹni tí ọbẹ̀ ń jóná lórí iná rẹ̀. Ọbẹ̀ kankan ò jóná. Ẹnu mi ni kò gbà á. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ pẹ́, ẹkún ni mo máa bú sí, ìwọ náà á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, o ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ náà gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ilé wa ti wó, Adérito.

Jókòó kí o tó ka ìyókù. Má fo ìlà kankan.

O rántí oṣù kẹjọ tí ẹ wá lo ìsinmi. Omi ìgbà òtútù tó ṣáájú ti mù wá dé orókún nínú ilé, o rí ìlà ẹrẹ̀ lára ògiri, inú sì bí ọ sí odò bí ẹni pé ènìyàn ni. O ti ra ilẹ̀kùn onírin méjì tí wọ́n fi rọ́bà yí etí wọn ká, o gbé wọn sórí mọ́tò láti Faransé, o fi ọ̀kan síwájú, o fi ìkejì sẹ́yìn, o sì fi sìmẹ́ńtì dí ihò tí ológbò ń gbà wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko lo fi ṣe é, ẹ̀yìn rẹ pọ́n nínú oòrùn. Nígbà tí o parí, o ní, "Màámi, ẹ̀yin àti ẹrẹ̀ ti pínyà." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi.

Bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó wà lórí àpótí nídìí igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ń wò ọ́, ó ní, "Adérito, odò kì í ṣe olè. Olè là ń tilẹ̀kùn mọ́. Àlejò tó mọ̀nà ilé ni odò. Ṣílẹ̀kùn iwájú fún un, ṣí tẹ̀yìn, á wọlé, á jáde, á fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ láti gbá." O ní, "Bàbá, ayé ti lajú." Ó ní, "Ayé lajú, amọ̀ ò lajú. Amọ̀ ni mo sì fi mọ ilé yìí." Ìwọ náà mọ̀ pé bí gbogbo ará Salgueiral, abúlé wa, ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí odò Tejo bá ń bọ̀, a ó so tábìlì rọ̀ mọ́ igi àjà, a ó kó adìyẹ sókè, a ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀ gbayawu, a ó wá lọ dúró lórí òkè ṣọ́ọ̀ṣì títí àlejò yóò fi lọ. Ṣùgbọ́n o di ọwọ́ mi mú ní ilé ìdáná, o ní kí n ṣèlérí pé bí omi bá dé, n kò ní ṣí i. Mo ṣèlérí.

Ní oṣù kẹwàá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá rẹ. O wá wò ó nígbà yẹn, ó ṣojú rẹ. Apá ọ̀tún kú, ahọ́n wúwo, ọ̀rọ̀ kò yọ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù tó ń fẹ́ láyé ni ilé yẹn. O ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tó ìgbà ẹgbẹ̀rún, pé òun fi ẹsẹ̀ òun po amọ̀ rẹ̀, òun fi ọwọ́ òun gé gbogbo búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ́dún tí òun gbé mi níyàwó, òun sì ti yan igun tí òun máa kú sí, láàárín fèrèsé àti àdògán. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ nílé ìwòsàn, igun yẹn ni mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí fún un. Ó fi ọwọ́ òsì lu ògiri náà pẹ́pẹ́pẹ́, bí ẹni ń kí màlúù rẹ̀, ó sì sùn lọ.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ìjì kan ò tíì lọ tán tí òmíràn fi ń kanlẹ̀kùn. Wọ́n tiẹ̀ ń sọ wọ́n lórúkọ lórí rédíò bí ọmọ àkọ́bí. Títì ya, igi bọ́ sórí wáyà, iná lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan ni wọ́n wá kéde pé àwọn ìsédò òkè lọ́hùn-ún, títí dé Sípéènì, ti kún dẹ́nu, pé wọn ò lè mú omi dúró mọ́, kí gbogbo àwa tí a wà ní ìsàlẹ̀ múra.

Ò bá wá wo Salgueiral lọ́jọ́ náà! Àwọn ọkùnrin ń sáré fi ọ̀dà kun ìdí ọkọ̀ ojú omi tó yẹ kí wọ́n ti kùn kí ọjọ́ Mátíìnì Mímọ́ inú oṣù kọkànlá tó pé. Quitéria opó, aládùúgbò wa, so tábìlì rọ̀, ó so àga rọ̀, ó so fíríìjì rọ̀ mọ́ àjà bí ìgbà tí ènìyàn ń so ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rọ̀ sínú èéfín. Ó yọjú sí mi, ó bá mi tí mo jókòó, mo ń bó ọ̀dùnkún. Ó ní, "Ìyá Adérito, ẹ ò gbé ẹrù yín sókè ni? Àbí ẹ̀yin àti odò ti jọ tọwọ́ bọ̀wé?" Mo ní, "Ọmọ mi ra ilẹ̀kùn fún mi. Ìwọ náà lọ ra ọmọ." Ọlọ́run dárí jì mí. O mọ̀ pé Quitéria kò bímọ. Ó wò mí, kò bínú, ó ní, "Ilẹ̀kùn Faransé, odò Potogí. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó." Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó kó adìyẹ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sí òkè àjà tirẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò ra ilẹ̀kùn fún adìyẹ.

Bàbá rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àga. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀kùn onírin náà. Gbà, gbà, gbà. Mo gbé ọbẹ̀ fún un, ó tì í. Mo ní ṣé ó fẹ́ tọ̀ ni, ó mi orí. Mo ní ṣé òtútù ń mú un ni, ó tún lu ilẹ̀kùn. Mo ń béèrè bí ẹni tí kò mọ̀. Mo mọ̀, ọmọ mi. Ta ni yóò bá ọkùnrin gbé fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tí kò ní mọ ohun tó ń wí, ì báà lahọ́n, ì báà má lahọ́n?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti bo títì. Àwọn panápaná wa ọkọ̀ ojú omi dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n ní kí á jáde kíákíá. Mẹ́rin nínú wọn gbé bàbá rẹ tàgatàga. Bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde, ó na ọwọ́ òsì, ó gbá etí ilẹ̀kùn mú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ilé ò ní sálọ." Kò fi sílẹ̀. Èmi ló ń wò. Adérito, ọkùnrin yẹn kò bẹ̀ mí rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ó bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Bàbá Adérito, ẹ má dójú tì mí níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ." Mo wá fi ọwọ́ ara mi tú ìka rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, márààrún. Mo tì í, mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí o ṣe kọ́ mi, mo sì sọ kọ́kọ́rọ́ sápò ẹ̀wù mi.

Òkè ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kó wa sí kí bọ́ọ̀sì tó lè dé. Gbogbo ilé là ń rí láti ibẹ̀. Omi wọ ilé Quitéria níwájú, ó jáde lẹ́yìn, àga kan tí kò so dáadáa tiẹ̀ bá a jáde. Omi yí ilé wa ká, kò wọlé. Ó gun ògiri títí ó kù díẹ̀ kó kan fèrèsé, kò wọlé. Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo fọwọ́ kan Quitéria léjìká, mo ní, "Ṣé o rí nǹkan?" Ó ní, "Mo rí i." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára ilẹ̀kùn. Ara ògiri ni ojú rẹ̀ wà.

Agogo ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán ni ògiri amọ̀ ìhà odò, tí omi ń tì láti ìta tí kò sì sí omi nínú ilé tó máa tì í padà, rọ sínú. Kò pariwo. Mo ti máa ń rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń pariwo. Ó kàn kúnlẹ̀, òrùlé sì tẹ̀ lé e, ó bo àdògán, ó bo bẹ́ẹ̀dì, ó bo igun bàbá rẹ. Mo sáré lọ sétí omi, panápaná kan fà mí lẹ́wù sẹ́yìn. Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Mo dúró, mo ń ké, "Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn!" Èmi tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi.

Ilé mọ́kànlélógún ló wà ní Salgueiral. Ogún ló dúró, ẹrẹ̀ ló wà nínú wọn. Quitéria ló wá gbé mi dìde. Ó ní, "Ẹ ṣe ọkàn akin, Ìyá Adérito. Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo ní, "Quitéria, omi ò dànù o. Agbè ló fọ́." Ó gbá mi mọ́ra, èmi tí mo bú u lánàá ọjọ́ náà. Bàbá rẹ ní tirẹ̀ kò sunkún. Ó wò ó títí, ó sì yí ojú síbòmíràn.

Wàyí o, ohun tí mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí gan-an rèé. Mo mọ̀ pé o ti ń sọ lọ́kàn rẹ pé ìwọ lo wó ilé bàbá rẹ. Má sọ ọ́ mọ́. Kì í ṣe ìlérí tí mo ṣe fún ọ ni kò jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn. Ìlérí tí mo ti yẹ̀ láyé mi ò lóǹkà. Ó rẹ̀ mí ni. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo fi ń gbá ẹrẹ̀ odò yẹn jáde, ẹ̀yìn mi ti tẹ̀ síwájú, èékánná mi ò mọ́ rí. Mo ní kí n rí ọdún kan, ọ̀kan péré, tí n kò ní gbálẹ̀. Bàbá rẹ ń bẹ̀ mí, èmi ń ro ti ìgbálẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ní báyìí, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Rédíò ní ìjì mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ó ṣe pẹ̀lẹ́, ó mu kọfí wa. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè ìgbésẹ̀ tí onílé gbé láti dáàbò bo ilé rẹ̀. N kò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Nígbàkígbà tí òjò bá ti ṣú, bàbá rẹ á mú ọ̀pá, á bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn Leocádia. Gbà, gbà, gbà. Leocádia á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àjà kẹta la wà! Odò wo ló fẹ́ gun àtẹ̀gùn?" Kò ní dáwọ́ dúró. Èmi ni mo máa ń dìde lọ ṣí i, màá sì ṣí ilẹ̀kùn bálíkónì tó wà lódìkejì, kí atẹ́gùn lè gba àárín wa kọjá. Nígbà náà ló máa ń gbé ọ̀pá kalẹ̀. Leocádia ń wọ kóòtù jẹun, ó ń bú wa, kò sì lé wa. Mo máa ń jókòó ti bàbá rẹ nínú òtútù yẹn. Kò tíì wò mí lójú.

Kí Ọlọ́run bá ọ ṣọ́ ilé rẹ. Kí o má rí ohun tí apá rẹ ò ní ká. Kí ọmọ rẹ fẹ́ràn rẹ bí o ṣe fẹ́ràn wa, kí ó sì ṣe é fún ọ ní àṣeyè. Má sáré wá nítorí èmi; ṣùgbọ́n bí o bá ń bọ̀, má pẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó lóyún rẹ, tí kì í bínú sí ọ,
Felismina.

Mo gbàgbé èyí: Quitéria padà sílé nígbà tí omi fà. Ó ní adìyẹ wa ti ń yé. Ó ní ilẹ̀kùn rẹ méjèèjì ṣì dúró ṣinṣin, tìtì bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀, kò sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mọ́. Omi kò gba abẹ́ wọn kọjá. Iṣẹ́ rẹ dára. Kọ́kọ́rọ́ ló wúwo nínú àpò ìwé yìí. Nígbà tí o bá dé, má gba ibi tí ògiri ti wó wọlé bí àwọn tó ń wá wòran. Gba ẹnu ọ̀nà. Ṣí tiwájú, ṣí tẹ̀yìn, kí o sì wá sọ fún bàbá rẹ lẹ́nu ara rẹ pé a ti ṣí i.