Fọ́ọ̀mù Màámi Tó Pa Rẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Peckham

Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni council tó ni ilé tí à ń gbé máa dẹ́kun gbígba fọ́ọ̀mù tí mo fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé Màámi kúrò ní àjà kẹrin. Odidi wákàtí kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù mi níbi iṣẹ́. Ó ku kí n ya fọ́tò lẹ́tà dókítà. Mo ṣí kámẹ́rà, mo yà á, mo padà sórí fọ́ọ̀mù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo pe Rukayat, ọmọ mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní uni.

"Mummy, it's normal. Fóònù yẹn ló ń manage memory fúnra ẹ̀. Kámẹ́rà fẹ́ space, ló bá pa page tí ẹ fi sílẹ̀."

"Kí ló dé tí kò kọ́kọ́ bi mí?"

"Kì í bi èèyàn, Mummy. It's automatic."

Automatic! Ta ló ní kó bá mi pinnu?

Mo sáré kọ gbólóhùn mẹ́ta péré, mo fi ránṣẹ́.

Nígbà tí mo délé, Màámi ti ń dúró dè mí. "Ṣé o sọ fún wọn bí mo ṣe ṣubú lórí àtẹ̀gùn?"

"Mo sọ ọ́, Màámi."

"Alhamdulillah."

Ọ̀rọ̀ ìṣubú yẹn wà nínú èyí tó pa rẹ́. Nínú gbólóhùn mẹ́ta yẹn, mi ò rántí fi í sí i.