Oògùn Tí Mo Pín fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kí ọ̀gá rẹ má fi ojú burúkú wò ọ́. Gbogbo wa wà láàyè, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí ẹ̀gbọ́n mi télọ̀ má sí níbẹ̀.

O rántí pé nọ́ọ̀sì ní mo ní àtọ̀gbẹ, pé ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo bi í pé ta ló bù ú síbẹ̀, torí n kì í fi ṣúgà sí tíì, ìyá rẹ sì lè jẹ́rìí pé láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, n kò dùn rí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní oògùn tí n óò máa lò láràárọ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í fi nǹkan sẹ́nu kí n má bù fún ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé torí oògùn ni n óò wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́? Bí mo bá jí, n óò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, n óò fi ọ̀bẹ là á sí méjì, òun á mú èyí tó tóbi. Kò ṣàìsàn kankan, ṣùgbọ́n ó ní oògùn tó ti ilé ìwòsàn wá kò lè burú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé tirẹ̀ mì láì tíì jẹun. Kó tó rán ọrùn ẹ̀wù kan tán, òógùn bò ó, ó sì dojú bo orí maṣíìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń wà á lọ. A gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, omi ṣúgà ni wọ́n so mọ́ ọn lápá. Ohun tí wọ́n fi dù mí ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá torí pé ó jù mí lọ ni.

Nọ́ọ̀sì ní oògùn náà ń dín ṣúgà kù ni, ìwọ̀nba tí ẹ̀gbọ́n mi ní ni mo sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ààbọ̀ tí èmi náà ń lò kò tó nǹkan kan, òun ni egbò tó wà ní ìka ẹsẹ̀ mi kò fi jinná, bí n kò bá sì lò ó pé, wọ́n á gé ìka ẹsẹ̀ ọ̀hún. Mo ní bó bá jẹ́ kí n máa dá jẹ níwájú ẹ̀gbọ́n mi ni, kí wọ́n gé e.

Ni ẹ̀gbọ́n mi bá dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Èmi ni mo jù ọ́, àbí? Mo pàṣẹ fún ọ, gbé e mì ní odindi. Mi ò ní sin àbúrò mi torí ẹ̀kọ́ ilé."

Láràárọ̀ báyìí, ó ń wá dúró tì mí, ó ń ní kí n la ẹnu, kí n gbé ahọ́n sókè bí ọmọ ọwọ́. Inú ń bí mi, àmọ́ mò ń gbé e mì.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ránṣẹ́. Má fi sórí fóònù mi, ojú rẹ̀ ti sán, owó lè jò dànù. Fi sórí ti ẹ̀gbọ́n mi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á lọ bí a ṣe dé, ẹ̀gbọ́n mi níwájú, èmi lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ lẹ́yìn pátápátá. Mo ka àdúrà yìí sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Ó ṣe àmín, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

Èmi ni bàbá rẹ.